Láti Orí Agogo Dé Orí Áàpù: Bí Ìṣọ́ Ilé Ṣe Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Aláìríran

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ohùn ni àlejò fi ń wọlé. Bí ènìyàn bá dé ẹnu ọ̀nà, yóò ké pé, "Àgò o!" kí ó tó gbé ẹsẹ̀ wọlé. Onílé yóò dáhùn láti inú yàrá pé, "Àgò yà." Bí ohùn náà bá ṣàjèjì sí i, yóò béèrè pé, "Ta nì yẹn?" Èsì tí ó bá gbọ́ ni yóò sọ bóyá kí ó ṣílẹ̀kùn tàbí kí ó fi í sílẹ̀ ní títì. Nínú gbogbo ètò yìí, etí ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí ó pọ̀ jù. Afọ́jú tí ó ní ilé lè ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ríran ṣe ń ṣọ́ tirẹ̀.

Àṣà yìí sọ sí mi lọ́kàn ní ọjọ́ tí mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ìbàdàn. Ọ̀gá ilé-ìwé ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, kí àrùn ojú tí àwọn dókítà ń pè ní glaucoma tó gba ìríran lọ́wọ́ wọn. Ọmọ wọn tí ó wà lókè òkun ra kámẹ́rà ìṣọ́lé fún wọn. Ó ní kí oníṣẹ́ iná gbé e kọ́ sí ẹnu géètì, kí ó so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ oníná, kí ó sì fi áàpù rẹ̀ sórí fóònù bàbá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mọ fóònù lò dáadáa. Fóònù náà ń ka ìròyìn sí wọn létí, wọ́n ń fi fi owó ránṣẹ́, wọ́n sì ń fi kọ àtẹ̀jíṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣí áàpù ìṣọ́lé yìí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni fóònù ń tún sọ: "Bọ́tìnì. Bọ́tìnì. Bọ́tìnì." Èwo ni ó ń ti géètì? Èwo ni ó ń pa agogo ìdágìrì? Fóònù kò sọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Àbúrò, ọlọ́dẹ tó yadi ni wọ́n rà fún mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí afọ́jú kò bá lè lo ẹ̀rọ ìṣọ́lé ìgbàlódé, ojú rẹ̀ ni ó fà á. Bí a bá tọ ìtàn ẹ̀rọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, a ó rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Etí ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìṣọ́ ilé oníná fún. Àwọn tí ó ṣe é ni wọ́n gbé e kúrò létí, wọ́n sì mọ ọ̀nà tí wọ́n lè gbà dá a padà.

Agogo tí gbogbo ilé ń gbọ́

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 1853, ìjọba Amẹ́ríkà fún Augustus Russell Pope, ará Somerville ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ ìdágìrì kan tí ó ń lo iná mànàmáná. Ìlànà rẹ̀ kò le. Wọ́n na wáyà sí ara ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Bí olè bá ṣí èyíkéyìí nínú wọn, iná yóò kọjá nínú wáyà, òòlù kékeré kan yóò sì máa lu agogo. Ní ọdún 1857, oníṣòwò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Edwin Holmes ra ẹ̀tọ́ náà lọ́wọ́ Pope, ó sì sọ ọ́ di òwò ńlá ní Boston, àti lẹ́yìn náà ní New York.

Agogo Pope àti Holmes kò béèrè bóyá onílé ríran tàbí kò ríran. Bí ó bá ti ké, ọ̀dọ́ gbọ́, arúgbó gbọ́, afọ́jú náà gbọ́. Adití nìkan ni ó fi sílẹ̀, èyí sì kọ́ wa pé kò sí ẹ̀rọ tí a gbé lé ẹ̀yà ara kan ṣoṣo tí kì í gbàgbé ẹnìkan.

Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà kí àwòrán tó wọ inú ọ̀rọ̀ ìṣọ́ ilé ẹni. Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan ni a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Marie Van Brittan Brown, nọ́ọ̀sì tí ń gbé ní àdúgbò Jamaica ní Queens, New York. Albert ọkọ rẹ̀ mọ̀ nípa ẹ̀rọ ẹ̀lẹ́kítírónìkì. Iṣẹ́ kì í jẹ́ kí tọkọtaya náà wà nílé ní àkókò kan náà, Marie nìkan ni ó sì ń dá wà lọ́pọ̀ ìgbà. Ìwà ọ̀daràn pọ̀ ládùúgbò náà, àwọn ọlọ́pàá kì í sì í tètè dé bí a bá pè wọ́n. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 1966, àwọn méjèèjì kọ̀wé béèrè fún ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ ìṣọ́lé tí wọ́n ṣe. Wọ́n rí i gbà ní ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá ọdún 1969.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó wà nínú ẹ̀rọ náà. Ihò mẹ́rin ni ó wà lára ilẹ̀kùn, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, kí kámẹ́rà lè rí àlejò tí ó ga àti ọmọdé tí kò ga. Kámẹ́rà náà ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀, àwòrán sì ń hàn lórí tẹlifíṣọ̀n nínú yàrá. Ṣùgbọ́n Marie kò fi mọ sí àwòrán nìkan. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà níbẹ̀ kí onílé àti àlejò lè bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bọ́tìnì kan wà tí ó ń ṣílẹ̀kùn láti orí ibùsùn, òmíràn sì wà tí ó ń ké sí àwọn aláàbò. Lọ́nà tí ó yé wa nílẹ̀ yìí, Marie fi ojú kún ìṣọ́ ilé, kò sì yọ "àgò" kúrò níbẹ̀. Àwọn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n jẹ́ kí àwòrán gba gbogbo iṣẹ́.

Ìjà aláìríran pẹ̀lú àwòrán

Ọ̀nà kejì nínú ìtàn yìí bẹ̀rẹ̀ ní ọ́fíìsì. Ní àwọn ọdún 1980, kọ̀ǹpútà di ohun èlò gbogbo iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Ní ilé-iṣẹ́ IBM, Jim Thatcher, onímọ̀ ìṣirò, ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Jesse Wright, ẹni tí ó ti jẹ́ olùkọ́ rẹ̀ ní yunifásítì, tí kò sì ríran. Láti inú iṣẹ́ wọn ni ètò kan ti jáde ní ọdún 1986, tí ó ń ka ohun tí ó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè. Wọ́n pè é ní Screen Reader. Orúkọ yẹn ni gbogbo ayé wá fi ń pe irú ètò bẹ́ẹ̀ títí di òní.

Lẹ́yìn náà ni Ted Henter dé. Eléré-ìje alùpùpù ni kí ìjàm̀bá ọkọ̀ tó gba ojú rẹ̀ ní ọdún 1978. Ó padà sí ilé-ìwé, ó kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ó sì dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú Bill Joyce ní 1987. Ètò wọn, JAWS, jáde ní 1989. Nígbà náà, ọ̀rọ̀ nìkan ni ó wà lójú kọ̀ǹpútà, nítorí náà, kíkà rẹ̀ kò nira púpọ̀.

Kò pẹ́ ni Windows gba ọ́fíìsì. Ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ ń tẹ̀ di àwòrán kéékèèké tí ó gbọ́dọ̀ fi ojú wá. Ẹ̀rù ba ọ̀pọ̀ afọ́jú tí ó níṣẹ́ lọ́wọ́ pé iṣẹ́ fẹ́ bọ́, nítorí pé screen reader wọn kò mọ ohun tí yóò pe àwòrán. Ọdún 1995 ni JAWS tí ó lè bá Windows ṣiṣẹ́ jáde. Àwọn ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sì wá ń ṣe ọ̀nà tí ètò kọ̀ọ̀kan yóò fi máa sọ orúkọ àwòrán rẹ̀ fún screen reader. Ní 2006, Michael Curran, ọ̀dọ́mọkùnrin aláìríran ní Australia, bẹ̀rẹ̀ NVDA, tí wọ́n ń fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí pé owó àwọn yòókù ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ afọ́jú. James Teh, tí òun náà kò ríran, dara pọ̀ mọ́ ọn.

Ìdènà kejì dé pẹ̀lú fóònù. Nígbà tí iPhone jáde ní 2007, gíláàsì tí ó ń yọ̀ ni ó gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú ojú rẹ̀, bọ́tìnì tí ìka lè fọwọ́ bà mọ̀ kò sì tó nǹkan. Àwọn aláìríran rò pé ó parí fún wọn nìyẹn. Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, ní 2009, Apple fi VoiceOver sínú iPhone 3GS. Ọdún kan náà ni TalkBack bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù Android, ní ilé-iṣẹ́ Google, níbi tí T. V. Raman, ẹnjiníà tí kò ríran, ti wà lára àwọn aṣíwájú irú iṣẹ́ yìí.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ènìyàn yóò máa fi ìka rìn lójú gíláàsì. Ohunkóhun tí ìka bá kàn, fóònù yóò pe orúkọ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ohun tí ó ń wá, yóò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n níbo ni fóònù ti rí orúkọ náà? Lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ áàpù ni. Lẹ́yìn àwòrán kọ̀ọ̀kan, àyè kan wà tí ojú kì í rí, tí ẹni tí ó kọ áàpù lè kọ orúkọ sí: "Ti géètì," "Pa agogo," "Pe ọlọ́pàá." Bí ó bá fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo, fóònù kò ní ohun tí yóò sọ ju "bọ́tìnì" lọ. Ìlà kan péré ni lórí bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan. Ìlà yẹn ni ó ya ẹ̀gbọ́n mi nípa sí géètì ilé ara wọn.

Ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti pàdé

Láti nǹkan bí ọdún 2010, ìṣọ́ ilé bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọ inú fóònù. Ọdún yẹn ni wọ́n dá Nest sílẹ̀. Google rà á ní 2014 ní bílíọ̀nù 3.2 owó dọ́là. Ní 2013, Jamie Siminoff gbé agogo ẹnu ọ̀nà tí ó ní kámẹ́rà, tí ó ń jẹ́ DoorBot nígbà náà, lọ síwájú àwọn olówó lórí ètò tẹlifíṣọ̀n Shark Tank, ó sì kúrò níbẹ̀ láìrí owó. Ó yí orúkọ rẹ̀ padà sí Ring, Amazon sì rà á ní 2018. Lẹ́yìn wọn, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá àti kékeré ń ṣe kámẹ́rà àti kọ́kọ́rọ́ tí a ń fi áàpù darí. Wọ́n ti gba ìgboro Èkó àti Ìbàdàn báyìí.

Ẹ fi ọkàn sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbí. Kọ́kọ́rọ́ irin àtijọ́, ọwọ́ lè bà á. Agogo ìdágìrì àtijọ́, etí ń gbọ́ ọ, ìka sì lè rí ibi tí wọ́n ti ń pa á. Nígbà tí gbogbo wọn wọ inú gíláàsì kan ṣoṣo, afọ́jú pàdánù ohun tí ó ti ní tẹ́lẹ̀. Ìdènà tí ó dé pẹ̀lú Windows ní ọ́fíìsì, tí ó tún dé pẹ̀lú gíláàsì fóònù, ni ó tún dé ẹnu ọ̀nà ilé.

Àwọn ibi tí áàpù wọ̀nyí ti ń kùnà kò ṣòro láti kà. Ní ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwòrán àgádágodo kan ni ó ń sọ bóyá ìṣọ́ wà lẹ́nu iṣẹ́: bí ó bá pupa, ó túmọ̀ sí ohun kan, bí ó bá di àwọ̀ ewé, ó túmọ̀ sí òmíràn. Fóònù kì í ka àwọ̀ bí kò bá sí ọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Láti wo ohun tí kámẹ́rà gbà sílẹ̀ lóru, wọ́n ní kí ènìyàn fi ìka fa ìlà kan tí kò sọ aago tí a dé. Láti bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ náà rárá, ó gbọ́dọ̀ na fóònù sí àmì onígun mẹ́rin kan tí ó wà níbìkan lára páálí tàbí lábẹ́ kámẹ́rà. Bí ẹnìkan bá dé ẹnu ọ̀nà, áàpù yóò kàn sọ pé nǹkan kan mira. Ewúrẹ́ ni? Ọmọ aládùúgbò ni? Àbí olè? Nígbà mìíràn, a ó rí áàpù tí ó dára, tí bọ́tìnì rẹ̀ ní orúkọ, àtúnṣe tuntun yóò dé lóru, gbogbo orúkọ náà yóò sì pòórá.

Ẹlòmíràn lè ní, "Kí ló dé tí afọ́jú kò ní kí ọmọ ilé bá òun tẹ̀ ẹ́?" Ìbéèrè yìí ni ó yẹ kí ó bà wá lẹ́rù jù. Ẹni tí a ń pè wá bá wa ti ilẹ̀kùn lójoojúmọ́ ti mọ bí a ṣe ń ṣí i. Nọ́ńbà àṣírí tí aládùúgbò bá bá wa tẹ̀ kì í ṣe àṣírí mọ́. Ewu tí ó tún ga ju èyí lọ ni ti ẹni tí ó tẹ bọ́tìnì tí kò ní orúkọ, tí ó rò pé òun ti fi ìṣọ́ sẹ́nu iṣẹ́, tí ó sì sùn, nígbà tí ó jẹ́ pé pípa ni ó pa á. Ẹni tí kò ní ìṣọ́ kankan sàn jù ú lọ, nítorí pé onítọ̀hún mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ ti ilẹ̀kùn dáadáa.

Òfin ti wà tipẹ́

Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé wọn kò kìlọ̀ fún òun. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1999, ẹgbẹ́ W3C tí ó ń ṣètò ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì gbé ìlànà jáde lórí bí àkàndá ẹ̀dá yóò ṣe lè lo ojú-ìwé ayélujára. Ìlànà àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ ni pé kí ọ̀rọ̀ wà tí ó lè dúró fún àwòrán. Ìkejì ni pé kí a má ṣe gbé ìtumọ̀ lé àwọ̀ nìkan. Bọ́tìnì aláìlórúkọ àti àgádágodo tí ó pupa nìyẹn, ó lé ní ọdún mẹ́wàá kí wọ́n tó kó ìṣọ́ ilé sínú áàpù. Wọ́n ti tún ìlànà náà ṣe ní 2008, 2018 àti 2023, àwọn tí ń kọ áàpù fóònù náà sì ń lò ó.

Ní ti òfin ìjọba, Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí òfin ẹ̀tọ́ àkàndá ẹ̀dá láti oṣù Keje ọdún 1990, kí áàpù tó dáyé. Ní 2016, Guillermo Robles, ọkùnrin aláìríran, pe ilé-iṣẹ́ Domino's lẹ́jọ́ pé screen reader òun kò lè lo ojú-ìwé àti áàpù wọn láti ra píṣà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ pé òfin 1990 kan áàpù náà, nítorí pé ó jẹ́ ọ̀nà tí oníbàárà ń gbà dé ṣọ́ọ̀bù. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jùlọ kọ̀ láti dá sí i. Ìdájọ́ náà kò kan gbogbo áàpù tí ó wà láyé. Síbẹ̀, bí afọ́jú bá ní ẹ̀tọ́ láti fi fóònù ra oúnjẹ, kí ni a ó sọ nípa ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti fi ti ilẹ̀kùn ibi tí ó ti fẹ́ jẹ ẹ́?

Àwa náà ní òfin. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àkàndá ẹ̀dá ní 2010. Abala kẹsàn-án àdéhùn náà dárúkọ ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ní gbangba. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tirẹ̀ ní 2011, ìjọba àpapọ̀ ṣe tirẹ̀ ní 2019. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ òfin wọ̀nyí, ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ arọ yóò gbà wọ ilé ìjọba nìkan ni a sábà máa ń rántí. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn tí afọ́jú ń kọsẹ̀ lórí rẹ̀ báyìí wà nínú fóònù.

Ìrètí wà. Láti ọdún 2015, áàpù Be My Eyes, tí Hans Jørgen Wiberg ará Denmark dá sílẹ̀, ti ń jẹ́ kí aláìríran pe ẹni tí ó ríran láti bá a wo nǹkan. Ní 2025, Ring kéde pé kámẹ́rà wọn yóò máa fi ọ̀rọ̀ ṣàlàyé ohun tí ó rí, bíi kí ó sọ irú ẹni tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà àti ohun tí onítọ̀hún ń ṣe. Ọ̀rọ̀ ni, screen reader sì lè ka ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ lè ṣe àṣìṣe, àlàyé tí ó dára kò sì wúlò bí bọ́tìnì tí yóò ti ilẹ̀kùn kò bá ṣì ní orúkọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ra ẹ̀rọ wọ̀nyí fún òbí yín, kí ẹ tó sanwó, ẹ fi áàpù náà sórí fóònù yín. Ẹ tan VoiceOver tàbí TalkBack, tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù òde òní láìgba kọ́bọ̀. Ẹ di ojú yín, kí ẹ wá bọ́tìnì tí ó ń ti ilẹ̀kùn. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ má rà á, kí ẹ sì sọ fún ẹni tí ó ń tà á ìdí tí ẹ kò fi rà á. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ ń kọ áàpù fún àwọn ẹ́sítéètì, ẹ pe aláìríran kan jókòó tì yín láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ má dúró di ọjọ́ tí ẹ bá parí.

Ní ti ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ wọn kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe áàpù náà. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, àtúnṣe kan dé. Bọ́tìnì mẹ́ta ti ní orúkọ báyìí. Èyí tí ó ń ti géètì kò tíì ní. Àgádágodo àtijọ́ ni ẹ̀gbọ́n ṣì ń fi ọwọ́ ara wọn tì lálẹ́, wọn yóò sì fà á wò lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó lọ sùn.